Kí ló fà á tí multicast kò fi lè jáde kúrò nínú ọgbà onílé kan?

Ọmọ Aláró (Òkè-Fíà, Òṣogbo):

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mi tú u palẹ̀. Ní ọjọ́ tí Arugbá gbé igbá lọ sí odò, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń fi fídíò ayẹyẹ náà ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì wa sí àwọn ọmọ Òṣogbo tó wà lókè òkun. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò lè gbé mégábíìtì 40 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fídíò wa sì ń gba mégábíìtì 2 fún olùwòran kọ̀ọ̀kan. Kí olùwòran tó pé 20 ni àwòrán ti ń gé, nígbà tí Arugbá sì fi dé etí odò gan-an, kò sẹ́ni tó rí ohunkóhun mọ́. Àǹtí mi kan tó wà ní Jámánì pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun ti kó àwọn ọmọ òun jókòó láti àárọ̀ kí wọ́n lè rí ọdún Ọ̀ṣun fún ìgbà àkọ́kọ́. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ohun tó dùn mí jù ni pé fídíò kan náà, ní àkókò kan náà, la ń dà kọ nígbà 19, tí a sì ń fi gbogbo ẹ̀dà náà há orí ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa multicast, pé orísun yóò fi ẹ̀dà kan péré ránṣẹ́ sí ádírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́, tí àwọn ráútà (ẹ̀rọ tó ń darí dátà) ojú ọ̀nà yóò sì máa dà á kọ níbi tí ọ̀nà bá ti pín nìkan. Mo dán an wò nínú ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà mẹ́ta sì rí fídíò náà lórí ẹ̀dà kan, àfi pé lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwòrán dúró fúnra rẹ̀, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo gbìyànjú láti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn, pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) kan ṣoṣo kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn kì í gbé multicast kọjá rárá. Ọdún 1989 ni ìwé tó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ti jáde. Kí ló wá dé tí ohun tó dára tó báyìí kò fi lè rìn láti Òṣogbo dé Ìbàdàn?

Ẹlẹ́rọ Ọjà-Ọba:

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Mo ti ń tọ́jú ráútà fún ọdún mẹ́rìnlá báyìí, ìbéèrè tí o béèrè yìí náà ni mo sì béèrè nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́.

Ohun tí ráútà àárín ọ̀nà gbọ́dọ̀ máa rántí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Wo bí lẹ́tà ṣe ń rìn. Ẹni tó ń to lẹ́tà ní Èkó kò nílò láti mọ Òkè-Baálẹ̀ yàtọ̀ sí Ìgbóǹnà. Bó bá ti rí Òṣogbo lára rẹ̀, inú àpò Òṣogbo ló ń jù ú sí, àwọn ará Òṣogbo ni yóò wá mọ ojúlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ádírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò lójoojúmọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. A máa ń dì wọ́n ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ráútà ńlá kan fi lè mọ ọ̀nà dé gbogbo ibi tí IPv4 (ètò ádírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ tí a ṣì ń lò) dé pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bíi mílíọ̀nù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ádírẹ́ẹ̀sì náà ju bílíọ̀nù mẹ́rin lọ.

Ádírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 224.0.0.0 títí dé 239.255.255.255, orúkọ lásán ni wọ́n, kò sí ìlú tàbí àdúgbò tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ká ní wọ́n kọ "Ẹgbẹ́ Ọmọ Òṣogbo" sára lẹ́tà, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan wà ní Kánádà, tí òmíràn wà ní Ìlọrin, tí ẹ̀kẹta wà ní Jámánì, ẹni tó ń to lẹ́tà ní Èkó kò ní mọ àpò tí yóò jù ú sí, àfi kí ó ní ìwé kan tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà àti gbogbo ojú ọ̀nà tí ọmọ ẹgbẹ́ wà sí. Ẹgbẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé ti ẹgbẹ́ yín lè ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ṣáínà nìkan, nítorí náà a kò lè di méjèèjì pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 268, orísun sì lè pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Jọ̀wọ́, fi ọkàn sí èyí pẹ̀lú: ẹgbẹ́ tó ní olùgbà mẹ́ta àti ẹgbẹ́ tó ní olùgbà mílíọ̀nù kan, àkọsílẹ̀ kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà lórí ráútà tó wà lójú ọ̀nà wọn. Fún ẹgbẹ́ ńlá, èrè náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwa tí a ní olùwòran 20 bá pọ̀ káàkiri ayé, tí gbogbo wa sì fẹ́ multicast, ẹrù ìrántí tí a ó gbé ka orí àwọn ráútà àárín yóò ju èrè tí a ó rí lọ.

Olùkọ́ Ìgbóǹnà:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún àlàyé ẹlẹ́rọ wa, nítorí ó dára kí a mọ̀ pé àwọn tó dá nǹkan yìí sílẹ̀ rí ìṣòro náà, wọ́n sì bá a jìjàkadì.

Steve Deering ló gbé èrò náà kalẹ̀ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford, òun ló sì kọ RFC 1112 (RFC ni à ń pe ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì) ti ọdún 1989 tí Ọmọ Aláró mẹ́nu bà. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé orísun kò nílò láti mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ, olùgbà náà kò sì nílò láti mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ó ṣáà ti sọ pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́, ó tó. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ìnira ti wọlé, torí pé ẹrù mímọ̀ tí a sọ̀ kúrò lórí orísun àti olùgbà, orí ráútà ló bọ́ sí.

Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń darí rẹ̀ ni DVMRP, tó jáde ní ọdún 1988. Ńṣe ni ó ń da ọ̀rọ̀ náà sí gbogbo ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìgékúrò kún un, kí ráútà tí kò ní olùgbà lẹ́yìn lè sọ pé kí wọ́n má dà á sí ọ̀dọ̀ òun mọ́. Ṣùgbọ́n ìgékúrò náà ní àkókò tí yóò fi wà. Bí àkókò náà bá ti pé, ọ̀rọ̀ tún di dídà sí gbogbo ojúlé. Ẹ sì kíyè sí i pé ráútà tí kò fẹ́ nǹkan kan gan-an gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fẹ́. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré, èyí ṣeé fara dà. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, wọ́n fi ohùn ìpàdé IETF (àjọ tó ń gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀) tó wáyé ní San Diego ránṣẹ́ sí ibi 20 lórí ohun tí wọ́n ń pè ní MBone, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ihò abẹ́lẹ̀ (tunnel, ìyẹn dídi pákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ sínú pákẹ́ẹ̀tì lásán) so pọ̀ gba inú íntánẹ́ẹ̀tì lásán, nítorí pé àwọn ráútà àárín kò mọ multicast. Bí MBone ṣe ń dàgbà ni ọ̀nà ìdàsílé-gbogbo yìí ń di ẹrù. DVMRP pẹ̀lú ń ka ìgbésẹ̀ láti ráútà dé ráútà, 32 sì ni òpin ìkà rẹ̀. Ibi tó bá ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀, lójú rẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni MOSPF dé ní ọdún 1994, èyí tó mú kí gbogbo ráútà mọ ibi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, kí wọ́n sì ṣe ìṣirò tuntun fún orísun àti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. N kò rò pé ó yẹ kí n fa ìyẹn gùn.

Ọmọ Aláró:

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí wọn kò fi yí i padà, kí ó jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè nìkan ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí?

Ẹlẹ́rọ Ọjà-Ọba:

Wọ́n yí i padà, àbúrò mi. PIM Sparse Mode ni orúkọ rẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1997, òun náà sì ni a ṣì ń lò títí dòní. Ṣùgbọ́n ó mú ìbéèrè mìíràn wá: bí olùgbà kò bá mọ orísun, ta ni yóò bi? Ìdáhùn wọn ni pé kí ráútà kan jẹ́ ibùdó ìpàdé, bí ìgbà tí a bá sọ fún àlejò pé kí gbogbo wa pàdé ní oríta Ọlá-Ìyá kí a tó mọ ibi tí à ń lọ. Orísun yóò fi ara rẹ̀ hàn níbẹ̀, olùgbà yóò béèrè níbẹ̀.

Nínú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyí dára gan-an. Nígbà tí ó bá di ti ilé-iṣẹ́ méjì, ọ̀rọ̀ dojú rú. Ta ni yóò ni oríta náà? Bí ibùdó ìpàdé ẹgbẹ́ mi bá wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀rọ tí n kò ní àṣẹ lé lórí ni iṣẹ́ mi gbára lé, àwọn náà yóò sì máa fi ẹ̀rọ wọn ṣe iṣẹ́ fún oníbàárà tí kì í ṣe tiwọn. Kò sí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ṣe MSDP, kí onílé kọ̀ọ̀kan ní oríta tirẹ̀, kí àwọn oríta sì máa sọ fún ara wọn nípa gbogbo orísun tó ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: gbogbo orísun, sí gbogbo oríta, ní gbogbo ayé. Ẹni tó bá fi pákẹ́ẹ̀tì kan péré sí ádírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo, ìròyìn rẹ̀ lè dé oríta tó wà ní Jàpáàn, yálà ẹnì kan níbẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ tàbí kò fẹ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Ramen bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ó ń wá kọ̀ǹpútà tí yóò kó wọ̀ nípa kíkan àwọn ádírẹ́ẹ̀sì láìṣà wọ́n, ó sì ń kan àwọn ádírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Gbogbo ibi tó kàn di orísun tuntun lójú MSDP, ìròyìn orísun sì bo àwọn ráútà mọ́lẹ̀. Kòkòrò náà kò tilẹ̀ gbìyànjú láti ba multicast jẹ́, ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìṣòro tó wà nínú rẹ̀ jinlẹ̀: àlejò tí o kò mọ̀ rí ló ń pinnu iye ohun tí ráútà rẹ gbọ́dọ̀ máa rántí.

Ọmọ Òròkí:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo tọrọ àforíjì kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí. N kò gbà pé ìrántí ráútà ni olórí ìṣòro. Ìrántí ẹ̀rọ ti di ọ̀pọ̀ ju ti ọdún 1992 lọ. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó ló wà níbẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé dátà láàárín àwọn ìlú ńlá ń gbowó lórí iye dátà tó bá kọjá lórí ìlà tí oníbàárà fi wọlé sọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá fi mégábíìtì 2 wọlé gẹ́gẹ́ bíi unicast (ẹ̀dà kan fún olùgbà kan), wọ́n mọ̀ pé mégábíìtì 2 ni yóò jáde ní ìhà kejì. Bí mo bá fi mégábíìtì 2 wọlé gẹ́gẹ́ bíi multicast, ó lè jáde ní ojú ọ̀nà 3, ó sì lè jáde ní ojú ọ̀nà 300. Èló ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi? Iṣẹ́ dídàkọ, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Èrè rẹ̀, ọwọ́ èmi tí mò ń fi ránṣẹ́ àti ọwọ́ olùwòran ló ń bọ́ sí. Ẹni tó wà láàárín ń ṣe wàhálà púpọ̀ sí i kí owó tó ń wọlé fún un lè dín kù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò ṣe é?

Ẹlẹ́rọ Ọjà-Ọba:

Inú mi dùn sí ohun tí o kọ yìí, Ọmọ Òròkí, mo sì gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ má fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ ìrántí sẹ́yìn. Ìrántí tó ti di ọ̀pọ̀ ni èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà lásán. Èyí tí ráútà ńlá ń yẹ̀ wò fún pákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn ní ìṣẹ́jú-àáyá tí a pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù; ó wọ́n, ó ń jẹ iná, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbòòrò. Yàtọ̀ sí èyí, àkọsílẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Olùwòran wọlé, olùwòran jáde, PIM sì ń tún ìbéèrè rẹ̀ ṣe fún ráútà tó wà lókè rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kí àkọsílẹ̀ má baà kú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ túmọ̀ sí pé ráútà yóò máa gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìdákẹ́.

Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ tìrẹ àti tèmi ti wọnú ara wọn. Bí ẹni tó ń rántí bá ń gbowó ìrántí, yóò ra ẹ̀rọ tó lè rántí. Nígbà tí kò sì sí ọ̀nà láti gba owó náà, ìrántí kékeré gan-an yóò di ẹrù tí kò fẹ́ gbé. Ìdí nìyẹn tí multicast fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ni orísun, tó ni ọ̀nà, tó sì ni oníbàárà. Ní Yúróòpù, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń fi í gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé àwọn oníbàárà wọn lójoojúmọ́. Àwọn ọjà ìpín ìdókòwò náà ń fi í pín iye owó ìpín fún àwọn oníṣòwò, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn pọ̀. Nínú ọgbà onílé kan ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìyá Alátagbà:

Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ọ̀rọ̀ olùgbọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Gbogbo ohun tí ẹ sọ, láàárín ọ̀nà ni ó dúró sí. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á. Bí pákẹ́ẹ̀tì kan bá sọnù lójú ọ̀nà, báwo ni olùgbà yóò ṣe béèrè rẹ̀? Lórí unicast, ìlànà TCP ń bójú tó ìyẹn láàárín ẹni méjì. Tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá olùgbà bá wà, tí gbogbo wọn sì ń kígbe pọ̀ sí orísun pé nǹkan kan kò dé, igbe náà nìkan yóò ti pa orísun. Síwájú sí i, ìlà ẹnì kan yára, ti ẹlòmíràn ń wọ́ lọ. Ta ni kí orísun bá rìn? Bó bá bá ẹni tó lọ́ra rìn, gbogbo ẹgbẹ́ yóò jìyà; bó bá bá ẹni tó yára rìn, ìlà ẹni tó lọ́ra yóò kún àkúnya, yóò sì ba ti aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Mo rò pé àwọn onílé-iṣẹ́ bẹ̀rù èyí náà, wọn kò sì jẹ̀bi.

Olùkọ́ Ìgbóǹnà:

Ìyá wa, òótọ́ gidi lẹ sọ. Àwọn kan gbìyànjú láti pín fídíò sí ìpele ìpele, kí olùgbà kọ̀ọ̀kan lè wọ iye ẹgbẹ́ tí agbára ìlà rẹ̀ bá ká. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ìyẹn tún sọ ẹgbẹ́ kan di mẹ́rin tàbí márùn-ún, àkọsílẹ̀ tí à ń sá fún sì tún pọ̀ sí i.

Ní ti ìṣòro oríta, wọ́n ti rí ọ̀nà àbáyọ tó dára. SSM ni orúkọ rẹ̀, RFC 4607 ti ọdún 2006 ló gbé e kalẹ̀. Níbẹ̀, olùgbà yóò dárúkọ orísun àti ẹgbẹ́ pa pọ̀, nítorí náà a kò nílò oríta ìpàdé, a kò nílò MSDP, àlejò kan kò sì lè kàn da ìdọ̀tí sínú ẹgbẹ́ rẹ. Ní ọdún 2020, IETF tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú RFC 8815 pé kí a jáwọ́ nínú irú ti àtijọ́ láàárín ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, kí a máa lo SSM. Lójú tèmi, Deering fi òmìnira púpọ̀ jù fún orísun. Èyí tí SSM gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ó yẹ kí a ti gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, SSM kò dín àkọsílẹ̀ kù. Igi kọ̀ọ̀kan (ọ̀nà tó ń pín láti orísun dé ọ̀dọ̀ àwọn olùgbà) ṣì gba ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ráútà kọ̀ọ̀kan.

BIER nìkan ni mo mọ̀ tó kọjú sí àkọsílẹ̀ náà tààrà. Ó jáde nínú RFC 8279 ní ọdún 2017. Dípò kí ráútà àárín máa rántí ẹgbẹ́, ráútà tí pákẹ́ẹ̀tì gbà wọlé yóò kọ ọ̀wọ́ bíìtì sí iwájú rẹ̀, bíìtì kan fún ráútà kọ̀ọ̀kan tí yóò gbà jáde. Ráútà àárín kàn ń ka bíìtì wọ̀nyí ni, kò rántí ẹgbẹ́ kankan. Mo rí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọgbọ́n gidi. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ náà ní òdiwọ̀n: bó bá jẹ́ bíìtì 256, ibi àbájáde 256 ni pákẹ́ẹ̀tì kan lè mọ̀, bí ibi àbájáde bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́. Inú ọgbà onílé kan náà ló tún mú wa padà sí.

Ọmọ Aláró:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ọkàn mi balẹ̀ báyìí. Bí kò bá lè kọjá láti ọ̀dọ̀ onílé kan sí òmíràn, kí ni kí a ṣe ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀?

Ẹlẹ́rọ Ọjà-Ọba:

Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe ni kí o ṣe, àbúrò mi. Yá sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan fún àwọn mìíràn) kan sí ibi tí ìlà ti gbòòrò, kí ẹ máa fi ẹ̀dà kan péré, mégábíìtì 2, ránṣẹ́ sí i láti Òkè-Fíà. Sáfà náà ni yóò máa dà á kọ fún olùwòran kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bíi unicast lásán. Bí olùwòran bá di 300, mégábíìtì 600 ni sáfà náà yóò máa gbé jáde, a sì ń rí sáfà bẹ́ẹ̀ yá fún ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, sáfà àkọ́kọ́ yóò fún sáfà méjì mìíràn, àwọn yẹn yóò sì pín in. Igi multicast náà ni, àmọ́ orí sáfà tí o sanwó fún ló hù sí, kò sì sí ráútà tí o gbé ẹrù kà lórí láìsanwó. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ CDN ńláńlá (àwọn tó ń fi sáfà káàkiri ayé pín fídíò) gbà borí multicast.

Nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ará ìlú yóò ti máa wòran, lo multicast tìrẹ sí àwọn tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wáyà ni kí o lò, má lo Wi-Fi. Orí Wi-Fi, ìyára tó kéré jù ni wọ́n sábà fi ń gbé pákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́, olùgbà kì í sì í fèsì pé ó dé, nítorí náà èyí tó bá sọnù ti sọnù nìyẹn. Fún àwòrán tó ń dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, wo inú switch yín (àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) bóyá IGMP snooping (ètò tó ń mú kí switch fi pákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó béèrè nìkan) wà ní títàn láìsí ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà bóyá wọ́n ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Querier ni wọ́n ń pe ohun náà. Bí kò bá sí, ìṣẹ́jú-àáyá 260 ni àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sábà máa ń gbà kí ó tó kú.

Ọmọ Aláró:

Mo padà wá jábọ̀. Lálẹ́ àná, mo fi aago ka àkókò náà: ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 gẹ́lẹ́ ni àwòrán dúró. Mo tan querier lórí switch wa, mo sì fi í sílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí. Kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń fi àwòrán hàn nígbà tí mo jí. A ti yá sáfà kan fún ìdánwò lọ́jọ́ Sátidé, èmi yóò fi ìjápọ̀ (link) rẹ̀ ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Jámánì lákọ̀ọ́kọ́. Ìyá wa, bí àyè bá gbà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wò ó, kí ẹ sì sọ fún wa bóyá ohùn àti àwòrán ń rìn pọ̀.

Ìyá Alátagbà:

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi. Aago mélòó ni ní ọjọ́ Sátidé?